Òtítọ́ Dọ́jà, Ó Kùtà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tó Ń Ta Ìwòsàn Hẹ́pìsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké. Bóyá ni ọjà kan wà tí òwe yìí ti ṣẹ tó ọjà ìwòsàn hẹ́pìsì tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹni tó bá tẹ orúkọ àrùn náà sórí fóònù rẹ̀, kí ó tó ka nǹkan jìnnà, yóò ti pàdé ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, tó ní ewé àti egbò ilẹ̀ Áfíríkà ni òun fi ń wò ó sàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Nọ́ńbà WhatsApp wà níbẹ̀. Ẹ̀rí náà wà níbẹ̀: obìnrin kan ní òun ti fi ọdún púpọ̀ sunkún, òun bá dókítà ńlá yìí pàdé, òun mu oògùn rẹ̀ tán, òun padà lọ ṣe àyẹ̀wò, èsì sì jáde pé kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rí kan náà, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, tún wà lábẹ́ fídíò mìíràn, àfi pé orúkọ obìnrin náà ti yí padà, orúkọ dókítà náà sì ti di òmíràn.

Lójú kan náà, òtítọ́ jókòó sórí àtẹ tirẹ̀, ẹni tó yà síbẹ̀ kò pọ̀. Òtítọ́ ọ̀hún kò gùn. Títí di òní, kò sí oògùn kankan, ìbáà ṣe ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tí a ti fi ẹ̀rí tó dájú hàn pé ó ń lé kòkòrò hẹ́pìsì kúrò pátápátá lára ènìyàn. Ìdajì àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé àrùn náà ní ìtọ́jú, pé ìtọ́jú náà kì í ṣe ohun àràmàǹdà, àti pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tó ní in ló ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́ra, tó ń bímọ, tí ayé wọn kò sì dúró. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sábà ń sọ fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn àti ní ibùdó àyẹ̀wò. Àyè tí ìdajì kejì ṣí sílẹ̀ ni oníjìbìtì ń gbà wọlé.

Kí ni hẹ́pìsì gan-an? Kì í ṣe àtọ̀sí, kì í sì í ṣe àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró orúkọ méjèèjì sún mọ́ra. Kòkòrò àìfojúrí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní HSV ló ń fà á, oríṣi méjì ni kòkòrò náà sì pín sí. HSV-1 ló sábà ń mú kí ìléròrò yọ sí ètè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti kó o láti ìgbà èwe, láìsí ìbálòpọ̀ kankan níbẹ̀. HSV-2 ni èyí tí ìbálòpọ̀ ń gbé kiri, ojú ara ló sì sábà ń bá jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé HSV-1 náà lè débẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.8 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn kò tó 50 ló ní HSV-1 lára, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 520 ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ló ní HSV-2. Ilẹ̀ Áfíríkà sì ni HSV-2 ti gbilẹ̀ jù lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn wọ̀nyí ni kò mọ̀ pé àwọn ní in, nítorí pé àmì rẹ̀ kò yọ lára wọn, tàbí pé ó yọ níwọ̀nba, tí wọ́n sì pè é ní ooru tàbí kòkòrò tó jẹ wọ́n. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ohun tó mú kí àrùn yìí ṣòro láti lé lọ kò ju ibi tó ń sá sí lọ. Bí kòkòrò náà bá ti wọ ara, yóò gba ojú iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri, yóò sì lọ sùn sí ìdí iṣan náà. Ti ojú ara a máa sùn sí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ti ẹnu a máa sùn sínú orí. Níbi tó sùn sí yìí, kò ṣe nǹkan kan, kò sì sí oògùn tó lè bá a níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jí, yóò gba ojú iṣan kan náà padà wá sí awọ ara, ìléròrò yóò yọ, yóò bẹ́, yóò di egbò, egbò náà yóò sì jinná fúnra rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ló sábà ń le jù, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó jinná. Àwọn tó bá tẹ̀ lé e a máa rọ̀, wọn a sì máa dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn dáadáa: egbò hẹ́pìsì ń jinná fúnra rẹ̀, ó sì ń dín kù fúnra rẹ̀. Orí òtítọ́ kékeré yìí ni gbogbo òwò àwọn oníjìbìtì dúró lé.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yẹ hẹ́pìsì wò. Èkíní ni kí òṣìṣẹ́ ìlera fi òwú mú omi ara egbò náà nígbà tó ṣì wà ní tútù, kí wọ́n sì wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú omi ọ̀hún. Èyí ló dájú jù, pàápàá bó bá jẹ́ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PCR. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹni náà tètè lọ. Bí egbò bá ti gbẹ, ọ̀nà yẹn ti dí nìyẹn. Èkejì ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í wá kòkòrò náà rárá; ohun ìjà tí ara rọ láti fi kojú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní IgG, ló ń wá. Ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ohun ìjà yìí tó pọ̀ tó èyí tí àyẹ̀wò lè rí. Ẹni tó bá sáré lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kejì lè gba ìwé tó ní kò sí, nígbà tó sì wà.

Àṣìṣe ti òdìkejì náà wà, òun ló sì ń dá ọkàn rú jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ HSV-2 a máa gbé nọ́ńbà kan jáde, gíga nọ́ńbà náà sì ní ìtumọ̀. Bí kò bá wọ 3.0, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi àyẹ̀wò mìíràn, tí ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀, jẹ́rìí sí i kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé òun ní àrùn náà, nítorí irú èsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àṣìṣe. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Uganda fi hàn pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣe déédéé ní Amẹ́ríkà a máa ṣi èsì gbé jáde níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní IgM ńkọ́? CDC sọ pé kò wúlò fún hẹ́pìsì, nítorí pé kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín oríṣi méjèèjì, kò sì lè sọ bóyá àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tàbí ó ti pẹ́. Síbẹ̀, a ṣì ń rí ìwé èsì IgM lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń fi í dá ara wọn lẹ́jọ́, tí wọ́n sì ń fi í ka ẹ̀sùn àgbèrè sí ọkọ tàbí aya wọn lẹ́sẹ̀.

Nítorí àṣìṣe wọ̀nyí ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń dámọ̀ràn lórí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà fi sọ ní ọdún 2016 pé kò yẹ kí wọ́n máa fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá hẹ́pìsì lára ẹni tí kò ní àmì rẹ̀ kankan. Wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2023. Ìṣirò wọn fi hàn pé, lára irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè tó ìdajì èsì pọ́sítíìfù tó máa jẹ́ irọ́. Ìdajì! Ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè ti ibùdó àyẹ̀wò jáde pẹ̀lú ìwé tó sọ pé àrùn tí kò gbóògùn ń bẹ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé nọ́ńbà náà fún un. Kò sẹ́ni tó ní kó padà wá fún àyẹ̀wò kejì. Fóònù rẹ̀ nìkan ló kù tó lè bi léèrè.

Nígbà tí a bá to gbogbo èyí pọ̀, a ó rí ibi tí ẹ̀rí "mo ti bọ́" ti ń wá. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí náà kò sí níbì kankan láyé. Ẹni tó ń tajà ló dá wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni òpùrọ́. Ẹni tí èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe, tó wá mu ìgò àgbo mẹ́ta, tó sì tún àyẹ̀wò ṣe, lè rí nẹ́gẹ́tíìfù. Àgbo kọ́ ló wò ó sàn. Kò ní àrùn náà tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tí egbò yọ sí lára, tó mu oògùn ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, tí egbò náà sì jinná lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, yóò búra pé oògùn jẹ́. Bí kò bá mu nǹkan kan rárá, yóò jinná bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì fi òwú yẹ ara wò nígbà tí kòkòrò náà sùn yóò gba èsì tó ní kò sí, nítorí pé kò sí lórí awọ lọ́jọ́ yẹn. Òótọ́ ni ohun tí ẹlẹ́rìí rí. Ìtumọ̀ tó fún un ni kì í ṣe òótọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí ẹnìkan, bó ti wù kó dùn tó, kò fi lè dípò ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí apá kan lo oògùn tí apá kejì kò lò ó, tí wọ́n sì fi wọ́n wé ara wọn.

Ilẹ̀ Áfíríkà ti rí irú èyí rí, ó sì fi ẹ̀mí sanwó rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, Yahya Jammeh, tó jẹ́ ààrẹ Gámbíà nígbà náà, kéde pé òun ti rí ewé tó ń wo àrùn éèdì sàn. Wọ́n gbé àwọn aláìsàn wá síwájú ẹ̀rọ tẹlifísọ̀n, wọ́n sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú lílo oògùn tí ilé ìwòsàn fún wọn. Ìjọba rẹ̀ fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Dakar ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti ṣe. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Souleymane Mboup, onímọ̀ tí ibùdó rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò náà, sọ fáyé gbọ́ pé a kò lè fi èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sọ pé ẹnikẹ́ni rí ìwòsàn, nígbà tí kò sí èsì ti ìṣáájú tí a ó fi wé e. Wọ́n lé aṣojú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó bẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ náà kúrò nílùú. Àwọn kan kú nínú àwọn tó gba ìtọ́jú náà. Ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí Jammeh ti sá kúrò nílé, mẹ́ta nínú àwọn tó kù láàyè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Èsì àyẹ̀wò tí kò ní ìtumọ̀ tí wọ́n sọ pé ó ní ni wọ́n fi tan àwọn wọ̀nyẹn. Òun náà ni wọ́n fi ń tan àwọn tòní.

Ẹnìkan lè sọ pé hẹ́pìsì kì í ṣe éèdì, pé kì í pani bẹ́ẹ̀, kí wá ni àgbo díẹ̀ máa bàjẹ́? Ìpalára rẹ̀ kò kéré. Ọkọ tí wọ́n ti sọ fún pé ó ti bọ́ yóò dẹ́kun ìṣọ́ra, ìyàwó rẹ̀ ni yóò sì gbà á. Obìnrin tó gbà pé òun ti bọ́ kò ní sọ fún agbẹ̀bí nígbà tó bá lóyún, bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò yìí lè ran ọmọ tuntun nígbà ìrọbí. Kì í ṣẹlẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, ó lè pa ọmọ náà tàbí kó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Dókítà tó bá sì mọ̀ ṣáájú lè dènà rẹ̀. Ẹni tó ní HSV-2 sì wà nínú ewu láti kó HIV ní ìlọ́po mẹ́ta ju ẹni tí kò ní in lọ, gẹ́gẹ́ bí WHO ti sọ. Ẹni tó sá pamọ́ sí ọ̀dọ̀ alágbo kò ní gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn. Àti pé ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò náà? Ohun tí kò ní orúkọ, tí kò ní òṣùwọ̀n, tí ẹnìkan sì ń mu lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ni yóò jíhìn fún un.

Kí ló dé tí àwọn olówò yìí kì í fi í bọ́ sọ́wọ́ òfin? Ìtìjú ni odi wọn. Ẹni tí wọ́n fi fóònù ayédèrú lù ní jìbìtì yóò pariwo títí dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí wọ́n fi oògùn hẹ́pìsì lù ní jìbìtì yóò kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun ní hẹ́pìsì kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Olówò náà mọ èyí dájú. Ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀rù láti tún béèrè owó ẹlẹ́ẹ̀kejì fún "oògùn àfikún", àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta fún owó ìrìnnà. Bí a ṣe ń fi àrùn náà ṣe yẹ̀yẹ́ tó, tí à ń pè é ní èrè ìṣekúṣe, bẹ́ẹ̀ ni à ń bá wọn fi òkúta kún odi náà. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2011, àjọ FDA àti àjọ FTC ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí àwọn ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ń ta ayédèrú ìwòsàn hẹ́pìsì àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń fi orúkọ ìṣègùn ilẹ̀ wa polówó ní oró tirẹ̀: ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì ní London tàbí Houston kò ní bú olè kan, gbogbo ìṣègùn ìbílẹ̀ ni yóò bú.

Ìṣègùn ìbílẹ̀ kò sì yẹ lẹ́ni à ń bú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé kíkọ ìwòsàn èké sílẹ̀ túmọ̀ sí kíkọ ewé àti egbò sílẹ̀, kí ó gbọ́ ìtàn Niprisan. Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, ọmọ Yorùbá, ní àgbo ìdílé kan tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò gbé e sá lọ sórí ọjà. Ó gbà kí àjọ NIPRD ní Àbújá, tó wà fún ìwádìí oògùn, yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tú àgbo náà palẹ̀: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni. Wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára ẹranko, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn aláìsàn. Ní ọdún 2006, NAFDAC fọwọ́ sí i, ó sì jáde sórí àtẹ pẹ̀lú orúkọ Nicosan, kí ìṣòro owó tó dé bá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Èyí tó yẹ kí a ṣàkíyèsí jù ni ohun tí wọ́n sọ pé ó lè ṣe. Wọn kò sọ pé ó ń wo àrùn náà sàn. Wọ́n ní ó ń dín ìgbà tí ìrora ń dé kù. Ọ̀rọ̀ oníṣègùn tòótọ́ nìyẹn: a máa sọ ibi tí agbára oògùn rẹ̀ dé, a sì máa sọ ibi tí kò dé.

Àní ìtọ́jú hẹ́pìsì ti òyìnbó náà ní gbòǹgbò nínú ohun àdáyébá. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n rí àwọn èròjà kan lára ẹ̀dá inú òkun Karibíánì kan tó dà bíi kànrìnkànrìn. Àwọn èròjà wọ̀nyẹn ló ṣí ojú àwọn onímọ̀ sí irú oògùn tó lè bá kòkòrò bíi HSV jà. Lójú ọ̀nà yẹn ni acyclovir ti wá, láti ibi iṣẹ́ tí Gertrude Elion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí. Elion wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1988. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kànrìnkànrìn inú òkun àti ìgò orí WhatsApp kì í ṣe pé ọ̀kan jẹ́ ti òyìnbó tí ìkejì sì jẹ́ ti dúdú. Wọ́n yẹ ọ̀kan wò. Wọn kò yẹ ìkejì wò.

Acyclovir wà nínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémáàní tí WHO ń tẹ̀ jáde. Òun àti valacyclovir tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ kì í pa kòkòrò tó sùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń dá èyí tó jí lọ́wọ́ kọ́. Bí ẹni náà bá tètè lò ó, láti ìgbà tí awọ ti ń jẹ ẹ́ tàbí tó ń gún un ṣinṣin kí ìléròrò tó yọ, egbò yóò tètè jinná. Ẹni tí egbò ń yọ sí lára léraléra lè máa lò ó lójoojúmọ́, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà dókítà, yóò sì dín kù gidigidi. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 lórí àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan ní HSV-2 tí ìkejì kò ní fi hàn pé lílo valacyclovir lójoojúmọ́ dín kíkó o ran ẹnìkejì kù ní nǹkan bí ìdajì. Fi kọ́ńdọ̀mù kún un, fi yíyẹra fún ìbálòpọ̀ nígbà tí egbò bá wà kún un, fi òótọ́ inú láàárín àwọn méjèèjì kún un. Bó bá jẹ́ aláboyún ni, dókítà lè fún un ní oògùn ní oṣù tó kẹ́yìn, bí egbò bá sì wà nígbà ìrọbí, iṣẹ́ abẹ lè yọ ọmọ náà nínú ewu. Kò sí iṣẹ́ ìyanu nínú gbogbo èyí. Ìtọ́jú lásán ni, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ìrètí ìwòsàn pátápátá kò kú. Ní ibùdó ìwádìí Fred Hutch ní Seattle, àwọn onímọ̀ ń fi ohun kan tó dà bí àlùmọ́gàjí gé àbùdá kòkòrò náà níbi tó sùn sí. Ní ọdún 2020, wọ́n kéde pé àwọn ti pa èyí tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún HSV-1 tó sùn sínú iṣan àwọn eku. Eku ni, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ GSK, lẹ́yìn ìnáwó ńlá, kéde pé abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹ́pìsì tí àwọn ń dán wò kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, àwọn kò sì ní gbé e lọ sí ìpele tó kàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwòsàn bá rú lójú, kí ó ronú sí èyí: ilé iṣẹ́ ńlá, tí èrè rẹ̀ ìbá pọ̀ bí oògùn náà bá jẹ́, jáde sọ pé òun kùnà. Dókítà orí WhatsApp kò kùnà rí.

Iṣẹ́ wá kù fún olúkúlùkù. Ibùdó àyẹ̀wò tó bá fi ìwé lé ènìyàn lọ́wọ́ láìṣàlàyé nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò IgM fún hẹ́pìsì sì yẹ kó kúrò nínú ohun tí wọ́n ń gbowó lé. Nọ́ọ̀sì àti dókítà tó bá sọ pé kò ní ìwòsàn, kí ó má ṣe dákẹ́ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó bá lò láti ṣàlàyé ìtọ́jú lè gba aláìsàn lọ́wọ́ ọdún márùn-ún ìrìn kiri. Ojúṣe NAFDAC kò pin sí orí ìgò tó wà lórí àtẹ. Ìpolówó orí Facebook náà wà nínú ìlú. Ó sì yẹ kí aráàlú mọ̀ pé nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lára ìgò àgbo kò túmọ̀ sí pé NAFDAC jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àwọn oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n kàn forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa gbé gbólóhùn tó sọ pé àjọ náà kò tíì ṣe àyẹ̀wò ohun tí olùtajà ń sọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde láti dá àwọn ayédèrú wọ̀nyí lẹ́bi, nítorí orúkọ wọn ni wọ́n ń tà. Pásítọ̀ àti ààfáà tó ń gba tọkọtaya ọ̀la nímọ̀ràn, kí wọ́n mọ̀ pé ìwé èsì hẹ́pìsì kì í ṣe ìwé ẹ̀rí àgbèrè, kò sì tó ohun tí a ń tú ìgbéyàwó ká sí.

Ní ti ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ òní, àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ó wo ìwé náà dáadáa: irú àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe, nọ́ńbà wo ló jáde, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Kí ó gbé e lọ bá dókítà tó mọ̀ ọ́n kà, kí ó sì béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ó gba ìtọ́jú, kí ó sì bá ẹni tí wọ́n jọ ń gbé sọ òótọ́. Owó tí olówò orí WhatsApp ń béèrè, kí ó fi pamọ́ sápò rẹ̀. Òtítọ́ lè kùtà lọ́jà títí, ṣùgbọ́n kì í rà lórí àtẹ. Ọjọ́ tí olùrà bá dé, bó ṣe wà níjọ́ àkọ́kọ́ náà ni yóò bá a.